Ẹrù Ọmọ Nínú Páálí Ìyá

Ẹni tí kò bá tíì kó kúrò nílé rí kò mọ̀ pé ilé a máa bímọ. Ohun tí ènìyàn kó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè má kún ọkọ̀ kékeré kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbé ibẹ̀ pẹ́, kó wá ní òun fẹ́ jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì á máa pọ ìkòkò, orí kọ́bọ́ọ̀dù á máa pọ kọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni ò rántí ojú fèrèsé tó wà fún, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn á máa pọ agboòrùn tó ti kán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nílé Aránṣọ àti ìyá rẹ̀, lọ́dún tí onílé ní òun fẹ́ wó ilé náà kọ́ òmíràn.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló máa ń bà á lẹ́rù jù. Á ti sunkún ọ̀la tán kí ọ̀la tó mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé, torí bàbá ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní ìlú tó jìnnà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan wà nílẹ̀ fún yín."

Yàrá kan. Aránṣọ gbọ́ ọ dáadáa, kò sì béèrè èwo ni tòun. Ìdáhùn ló ń bẹ̀rù.

Ìyá ní tirẹ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi àtìwọ la jọ máa lò ó. Ta ló máa bá mi wá awò ojú mi láàárọ̀? Lọ ra páálí. Kó jẹ́ ńlá ńlá o, mi ò fẹ́ kí á máa di ẹrù díẹ̀díẹ̀ títí òpin oṣù á fi dé bá wa."

Òpin oṣù ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páálí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, ó há bí ọ̀nà ọ̀fun. Páálí tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tò kan òkè àjà, téèpù rọ̀ sára ìṣó lóríṣiríṣi, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ sì wà ní kíká bí ẹní sí igun kan. Ọkùnrin gíga kan dúró láàárín wọn, eruku páálí ti ta sí i lórí bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Páálí ni mo fẹ́. Èyí tó tóbi jù."

"Kí lẹ fẹ́ dì sínú ẹ̀, Àǹtí?"

Àǹtí yẹn gún un díẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó kéré sí òun. "Àwo ni," ló fi dá a lóhùn. "Àwo àti ìkòkò."

"Ẹ má di àwo sí ńlá. Irọ̀rí ló ń gbé ilé ńlá, Àǹtí. Àwo, yàrá kékeré ni tiẹ̀. Ohun tó bá wúwo, páálí kékeré. Ohun tó bá fúyẹ́, páálí ńlá."

"Ńlá ńlá ni Màámi ní kí n rà."

"Ṣé Màámi ló máa gbé e?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Aránṣọ, ó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ńlá. Ìyá mi ò fẹ́ kí èèyàn bá òun jiyàn, ká má tíì wá sọ ti ẹni tí wọn ò rí rí."

Ọkùnrin náà fa páálí ńlá yọ, ó fi téèpù lé e. "Ẹ fi gba ìdí ẹ̀ dáadáa nígbà náà, bí ẹ ṣe máa ń rán ìdí ṣòkòtò ní àrántúnrán."

"Ta ló sọ fún yín pé aránṣọ ni mí?"

"Abẹ́rẹ́ wà láyà yín."

Aránṣọ wo àyà rẹ̀. Lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òwú sì ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò rántí gba ṣéńjì.

Ìdí páálí náà ò pẹ́ kó tó já. Àwo tí bàbá rà fún ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ló wà nínú rẹ̀. Aránṣọ gbé e láti kíṣìnnì, kò tíì dé àárín pálọ̀ tí ìsàlẹ̀ fi ṣí bí ẹnu ìkà, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo àfọ́kù náà bí ẹni ń ka nǹkan tó wà lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló mú kí inú Aránṣọ bàjẹ́. Ó mú páálí yíya náà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń mú ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù.

Ó ti to èébú sẹ́nu. Ọkùnrin náà wo páálí, ó wo ojú rẹ̀, kò sì sọ pé òun ti sọ.

"Ṣé èyí tó fọ́ pọ̀?"

"Èyí tí Màámi fẹ́ràn jù ni."

Onípáálí fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀bi mi ni. Mo mọ̀ pé á já, mo sì tà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín di èyí tó kù."

"Rárá o. Ẹ kọ́ mi. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́."

Ó kọ́ ọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín páálí, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gbé ìdí ró, tí téèpù á gba àárín, á tún gba etí méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń fún ìwé ìròyìn pọ̀ tẹ́ sísàlẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Bí wọ́n ṣe ń fi àwo dúró ní ẹ̀gbẹ́, torí àwo tó bá sùn sílẹ̀ ló ń kú. Ọwọ́ rẹ̀ ń yá, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Aránṣọ ti wo ọwọ́ oníṣẹ́ púpọ̀ láyé, kò sì mọ ìdí tí òun ò fi lè gbé ojú kúrò lára èyí.

Láti ọjọ́ náà ni ohun tí ilé Aránṣọ ṣaláìní ti ń pọ̀ sí i. Lónìí, téèpù ló tán. Lọ́la, páálí kékeré ò tó. Lọ́tunla, èyí tó rà ti pọ̀ jù, ó fẹ́ dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó ra téèpù, ó gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì; ó padà lọ mú un, ó sì fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dé ilé, á máa bá ara rẹ̀ jà. Ìwọ obìnrin yìí, kí lò ń wá? Ọkọ̀ ń bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ń tajà ni, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo oníbàárà. Ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni?

Nígbà kan, iṣẹ́ aṣọ kan tó gbọ́dọ̀ parí ò jẹ́ kó lè lọ. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, Onípáálí ò kí i. Ó kàn ní, "O ò wá lánàá."

Kò sí Àǹtí níbẹ̀ mọ́. Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé omi kún ife dé ẹnu, ó ń rọra rìn kó má baà dà nù.

Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ fura. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ ti mọ́ wíwo ẹni tó ní òun ò ṣàìsàn. Ó wá bá wọn palẹ̀ ẹrù mọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń kó lọ ni àbí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù? Páálí ti ju ẹrù lọ nínú ilé yìí."

Ìyá ní, "Ọmọ rẹ ló ń rà á. Ó ní àwọn kan ò le."

"Àwọn wo ni ò le?" Ìyá Kékeré yí ojú sí Aránṣọ, ó rí bó ṣe ń nu ife tó ti mọ́.  Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù páálí lọ, ó ra téèpù tí kò nílò. Nígbà tó padà, ó fa Aránṣọ sí kíṣìnnì.

"Mo ti rí i. Ojú ẹ̀ dáa, kò sì purọ́ ọjà fún mi. Ó ti sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún mi, mo sì ti sọ tìẹ fún un."

"Ìyá Kékeré, ta ló rán yín?"

"Ta ló máa rán mi? Ọ̀rọ̀ tó ń fì síwá sẹ́yìn lójú yín méjèèjì bẹ́ẹ̀. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ẹ rọra, Màámi á gbọ́."

"Mi ò ní rọra. Ọkọ̀ akẹ́rù ò ní rọra."

Onípáálí náà ò rọra. Nígbà tí Aránṣọ tún wá, ó fi páálí tó ń ṣẹ́ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí o lọ," ló wí. "Tí o bá sì máa lọ, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé mo dákẹ́. Fẹ́ mi."

"Mo jù ọ́ lọ."

"Mo mọ̀. Ìyá Kékeré ti bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀."

"Kò dùn ọ́?"

"Ohun tó ń dùn mí ni pé mò ń ta páálí tó máa gbé ọ lọ."

 Aránṣọ ní òun á ronú, ó sì sá jáde. 

Ìyá Kékeré ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó ń gbọ́.

"Onípáálí?" ni Ìyá wí. "Ẹni tó ń ta òfìfo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo náà ni gbogbo wa ń rà, torí ẹrù ò lè lọ lásán."

"Ọmọdé ni. Tó bá di ọdún díẹ̀ sí i, á wo ojú ọmọ mi, á ní ó ti gbó. Níbo ló ń gbé?"

"Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ́."

"Ọkọ̀ ti fẹ́ dé, o wá ń bá mi sọ ti yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gbọ́ ọ. Mo ní mi ò gbọ́ ọ."

Kò sì pariwo níbí náà. Ó dìde lọ bá ẹrù, ó ní láti ìgbà náà lọ, òun fúnra òun ló máa di èyí tó kù. Ó ń di ẹrù bí ẹni tí ogun ń lé. Tí Aránṣọ bá ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, á ní kó lọ parí aṣọ oníbàárà. Ìyá ò mọ̀wé, nítorí náà àmì tirẹ̀ ló ń fi èédú fà sára páálí: òbíríkítí fún ìkòkò, ìlà gbọọrọ fún aṣọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ dé, Ìyá Kékeré ló pe Onípáálí wá, ó ní kò sí ẹlòmíràn tó lè fi okùn di àwọn páálí náà kó le. Ìyá dá a lóhùn nígbà tó kí i, kò sì wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń gbé wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe di ọ̀kan tí ìlà gbọọrọ wà lára rẹ̀ mú, ó gbé e, ó dá a padà sílẹ̀.

"Èyí kì í ṣe aṣọ," ló wí fún Aránṣọ.

"Aṣọ ni. Àmì Màámi nìyẹn."

"Ìdí ẹ̀ ti ń sọ̀. Tí a ò bá ṣí i, á já lórí àtẹ̀gùn."

Aránṣọ rántí àwo. Ó fi àlùmọ́gàjí la téèpù. Ìró ìyá rẹ̀ ló wà lókè, ó ká a kúrò, ó tún ká òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó lò tán lánàá ni, wọ́n fi aṣọ òtútù ìyá rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun.

Ó ṣí òmíràn. Lábẹ́ ìkòkò, ìwé tó fi ń gé aṣọ ló wà níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn sí i, ó bá bàtà rẹ̀ ti ọ̀tún. Ti òsì ò sí níbẹ̀. Inú páálí mìíràn ló wà, láàárín ṣíbí àti ọ̀bẹ. Gbogbo ohun tó ní ni ìyá rẹ̀ ti pín káàkiri, tó ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹrù ọmọ kúrò níbẹ̀ àfi kó tú gbogbo ilé palẹ̀.

Onípáálí wo bàtà náà, ó wo Aránṣọ. Ó rọra fi okùn sílẹ̀. "Mo wà níta," ló wí.

Ìyá wà ní yàrá, ó jókòó sórí fóòmù tí wọn ò tíì ká.

"Màámi, bàtà mi dà?"

"Ó wà nínú ẹrù."

"Ẹrù ta?"

"Ẹrù wa."

"Ẹ mọ̀ pé mo lè má lọ."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi dì í bẹ́ẹ̀ nìyẹn." Ìyá ò bínú, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ń fi ìka fa òwú tó yọ lára fóòmù. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá mi jà rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá ọ jà rí, o ò mọ ibi tó dúró sí. Tí òùngbẹ bá gbẹ mí nílé ẹ̀, ṣé kí n lọ bu omi ni, àbí kí n tọrọ? Tí mo bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé kí n gbálẹ̀, àbí á ní mo ń sọ pé ilé òun dọ̀tí? Ní ọjọ́ orí mi yìí, mo máa máa béèrè ibi tí iyọ̀ wà. Tí ìwọ bá wà níbẹ̀, ó kéré tán, ẹnì kan á mọ̀ mí."

Aránṣọ ti múra ìjà. Ìjà náà yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, èjìká kan èjìká. Nígbà tó dìde, ó lọ ti gbogbo páálí náà padà bó ṣe bá wọn, bàtà ọ̀tún níbí, ti òsì lọ́hùn-ún. Ó fi téèpù sí ìdí èyí tó wúwo ní ìlọ́po.

Onípáálí jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Ó gbọ́ ìró téèpù, ó sì ti mọ èsì.

"Mò ń bá a lọ," ni Aránṣọ wí.

"Fún ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé wàá padà?"

Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé tí òun bá wí i tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Tí ìyá òun ò bá gbádùn níbẹ̀ láéláé ńkọ́? Ó ní, "Má pè mí. Tí fóònù bá dún, Màámi á máa wo ojú mi. Tí mo bá mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ mi ni màá fi wá sọ fún ọ."

Onípáálí mi orí pé òun ti gbọ́. Ó di gbogbo ẹrù náà, ó bá wọn gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì kí Ìyá pé kó dé ire. Ìyá dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ojú rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò.

Ilé ẹ̀gbọ́n mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó gba báàgì, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó wá fún ìdánwò. Ìyá jókòó sí etí àga ní pálọ̀, báàgì rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Bẹ́ẹ̀ ló ń jókòó lójoojúmọ́. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á wo Aránṣọ. Aránṣọ á lọ bu omi wá.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Fóònù ò dún. Aránṣọ ló ní kó má dún, síbẹ̀ á máa gbé e wò bóyá ó ti kú. Ìyá Kékeré tí kì í dákẹ́ ti dákẹ́. Tó bá pe Ìyá lórí fóònù, ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nìkan ló ń sọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú létí Aránṣọ. Bóyá ọkùnrin náà ti rí ẹlòmíràn tí páálí rẹ̀ ń já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Ìyàwó ń fọ àwo. Ìyàwó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún Màámi? Wọn kì í wọ kíṣìnnì. Gbogbo ìgbà ni mò ń tún kíṣìnnì yẹn tò, bóyá ó máa wù wọ́n. Mo ra àwo tuntun. Ṣé wọ́n kórìíra mi ni?"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ."

"Èmi?"

"Bí ìwọ náà ṣe ń bẹ̀rù wọn. Bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ìyá mi ò mọ ilé tí òun ò ti ṣiṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyàwó lọ bá Ìyá. Ó ní iṣẹ́ ń pẹ́ òun, àwọn ọmọ kì í rí oúnjẹ gbígbóná jẹ, bóyá Màámi lè ran òun lọ́wọ́. Ìyá gbé báàgì kúrò lórí itan. Ó dìde bí ẹni tí wọ́n pè padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí Aránṣọ gbọ́ ariwo ní kíṣìnnì. Ìyá ní ẹ̀gbẹ́ iná ló yẹ kí iyọ̀ máa wà. Ìyàwó ní á yọ́ níbẹ̀. Ìyá ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí iyọ̀ tó yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìyàwó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ẹ máa ń ṣorí kunkun." Aránṣọ fara ti ògiri, ara rẹ̀ sì rọ̀. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá òun ti délé.

Ìgbà náà ló wá ku ìbẹ̀rù tirẹ̀ nìkan. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ àwọn ọmọ.

"Màámi, mo fẹ́ padà lọ."

"Síbo? Wọ́n ti wó ilé."

"Ẹ mọ ibi tí mò ń lọ."

Ìyá ká ṣòkòtò kékeré kan, ó tú u, ó tún un ká. "Mi ò tíì gbà o."

"Mo mọ̀."

"Ó kéré sí ọ."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Mú aṣọ òtútù dání. Bọ́ọ̀sì yẹn máa ń tutù."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti wọ bọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀ títí tó fi dé, ó ń tún ọ̀rọ̀ tò lẹ́nu, ó ń tú u. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbé ojú sókè. "Ó ti jáde láàárọ̀ kùtù. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, àti ìyá kan tó ń darí wọn bí ẹni da adìẹ. Aṣọ tuntun ló wọ̀ o. Ó ní òun ń lọ fẹ́ ìyàwó."

"Ìyàwó wo?"

"Kò sọ fún mi. Ó kàn ní òun ti dúró tó."

 Aránṣọ jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ lo ní kó má pè, ni ọkàn rẹ̀ wí. Ó bi ọ́ bóyá wàá padà, o ò wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa ń dúró de ìdákẹ́? Ó fẹ́ sunkún, ẹkún náà ò wá. Fóònù ló dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ṣé o ti dé?"

"Mo ti dé, Màámi."

"O bá a?"

"Mi ò bá a. Wọ́n ní ó lọ fẹ́ ìyàwó."

 Lẹ́yìn Ìyá ni ìró ife ń dún, ẹnì kan sì ń rẹ́rìn-ín bí Ìyá Kékeré.

"Ó wà ní pálọ̀ níbí, mo bọ́ sí kíṣìnnì pè ọ́," ni Ìyá wí. "Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, àti àbúrò mi tí kò nítìjú. Àbúrò mi ní tí òun bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo máa wá àwáwí. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó ni ọmọkùnrin yìí ti ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rò pé o máa jáde. Mi ò tíì sọ fún un pé o ò sí nílé."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Mo fẹ́ wò ó díẹ̀ ná." Ìyá wúkọ́. "Wọ́n ní ìwọ làwọn wá tọrọ. Kí ni kí n wí?"

"Ẹ̀yin ni ìyá mi."

"Mo mọ̀ pé èmi ni ìyá rẹ. Nígbà tí mo di ẹrù rẹ, mi ò bi ọ́ léèrè. Lónìí mò ń bi ọ́. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Aránṣọ wo àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ ẹ, Màámi."

"Sọ ọ́ sókè. Mo ti padà sí pálọ̀, Ìyàwó ti ṣí fóònù yìí sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́."

Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ dá irin dúró. Aránṣọ dìde. "Mo fẹ́ ẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé òdìkejì títì.

Ariwo sọ nínú fóònù. Nínú ariwo náà ló ti gbọ́ ohùn Onípáálí: "Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀."

"Má wá," ni Aránṣọ wí, "èmi ni mò ń bọ̀, mo ti ń lọ wọ bọ́ọ̀sì."

"Kí ẹnì kan jókòó sójú kan nínú yín," ni Ìyá wí. "Ìwọ, wọ bọ́ọ̀sì. Ìwọ, jókòó kí o jẹun. Tó bá dé, wàá rí i, ilé ìyá rẹ̀ nìyí."